Oògùn Ẹ̀yìn Ààrò

Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní ń gbé. N kò mọ àìsàn tí òwe yìí bá mu tó ìrora ẹ̀yìn tó ń gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sàyátíkà. Ẹni tó ń ṣe á ra bẹ́líìtì ìgbàdí, á gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, á mu àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n fi ògógóró rẹ, á tún yáwó ya àwòrán MRI. Ṣùgbọ́n bí olùtọ́jú físíò bá ní kó dojú bolẹ̀, kó máa gbé àyà sókè díẹ̀díẹ̀, kó sì máa rìn yí àdúgbò ká láràárọ̀, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́: ṣé nítorí èyí ni mo ṣe wọkọ̀ wá láti Ìkòròdú? Nítorí rẹ̀ gan-an ni. Nínú gbogbo ohun tí a lè ṣe sí dísìkì ẹ̀yìn tó yọ, tó sábà ń fa ìrora yìí, láì dárúkọ ọ̀bẹ, èyí tí kò wọ́n yìí ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Eegun kéékèèké ló to ara wọn lé di eegun ẹ̀yìn, dísìkì 23 ló sì wà láàárín wọn tí kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. Ara òde dísìkì yi, inú rẹ̀ rọ̀. Bí ara òde náà bá ya, bí ewé móínmóín ṣe ń ya níkòkò, ohun rírọ̀ inú rẹ̀ á yọ síta. Dísìkì méjì ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ lẹrù ara ń já lé. Ẹ̀gbẹ́ wọn sì ni gbòǹgbò iṣan kan gbà kọjá, iṣan ìmọ̀lára tó nípọn jù lára ọmọ ènìyàn, tó gba inú ìdí lọ sí itan títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tó yọ yẹn á tẹ̀ ẹ́, oje rẹ̀ á tún máa ta á. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ wà ní ìbàdí fi ń ké lórí ojúgun.

Domenico Cotugno, dókítà kan ní ìlú Naples, ló kọ̀wé ní ọdún 1764 pé iṣan ló ń fa irú ìrora ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó yàtọ̀ sí ti oríkèé ìdí. Ó di 1934 kí Mixter àti Barr, oníṣẹ́ abẹ méjì ní Boston, tó fi hàn pé dísìkì tó ya ni ọ̀daràn náà, tí wọ́n sì fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé dísìkì tó bá ti yọ, àfi kí wọ́n gé e.

Àṣé ara náà ní ọ̀bẹ tirẹ̀. Nígbà tí ohun inú dísìkì bá bọ́ síbi tí ẹ̀jẹ̀ ń dé, àwọn ọmọ ogun ara á kà á sí àjèjì, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Àwọn kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2015. Èyí tó já bọ́ pátápátá kúrò lára dísìkì, nínú 100, 96 ló ń sún kì láìsí iṣẹ́ abẹ. Èyí tó yọ gan-an àmọ́ tí kò já, 70. Èyí tó kàn wú díẹ̀, 13 péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: èyí tó bani lẹ́rù jù nínú àwòrán ló ń yára lọ jù. Ọ̀pọ̀ sàyátíkà ló ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12.

Bí àwòrán bá wá já sí ẹ̀rù nìkan, kí la fẹ́ fi ṣe? Ní ọdún 2015 kan náà, àwọn olùwádìí kó àbájáde àwòrán ẹ̀yìn àwọn ènìyàn tó lé ní 3,000 jọ, àwọn tí ẹ̀yìn kankan kò ro. Nínú àwọn ẹni 20 ọdún, ìdá 37 nínú 100 ló ti ní dísìkì tó ń gbó. Nínú àwọn ẹni 80 ọdún, ìdá 96. N kò sọ pé MRI kò wúlò. Ó wúlò bí àmì ewu bá wà, tàbí bí wọ́n bá ń gbèrò abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tàbí iṣẹ́ abẹ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi owó ńlá ra ìbẹ̀rù gbé wálé.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ibi tí ìtọ́jú gidi wà nìyí, n ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀. Láyé àtijọ́, dókítà á ní kí aláìsàn lọ sùn gbalaja fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 1999, ìwádìí kan láti Netherlands pín ènìyàn 183 sí méjì: àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn yòókù ń bá ìgbé ayé wọn lọ bí ara ṣe gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìdá 87 nínú 100 ló ti gbádùn ní apá méjèèjì. Ìdùbúlẹ̀ kò bù kún nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó ti mú iṣan ẹran ara rọ, ó sì ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹni tí ìrora mú lè sinmi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kó wá dìde.

Kó dìde ṣe kí ni? Robin McKenzie, olùtọ́jú físíò ní Wellington lórílẹ̀-èdè New Zealand, ṣèèṣì rí ìdáhùn kan ní 1956. Ọkùnrin kan wà tí ìrora rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn lọ sí orúnkún, tí ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ràn án. McKenzie ní kó wọlé lọ dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò mọ̀ pé ẹni tó lò ó kẹ́yìn ti gbé orí bẹ́ẹ̀dì náà sókè. Ọkùnrin náà gbọ́ràn, ó dojú bolẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ sẹ́yìn. Nígbà tí McKenzie fi máa padà dé, ẹ̀rù bà á. Àmọ́ aláìsàn ní ara òun kò tíì yá tó báyìí láti ọjọ́ yìí wá: ìrora ti kúrò lẹ́sẹ̀.

Ohun tó jáde láti ibẹ̀ ni òfin kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní sàyátíkà mọ̀ sórí. Bí ìrora bá ń kúrò ní ọmọ ẹsẹ̀, tó ń gòkè sí itan, sí ìdí, tó wá pa sí ìbàdí, kí inú yín dùn, kódà bí ìbàdí náà bá ro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìrora bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ dá ohun tí ẹ ń ṣe dúró. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: kí wọ́n dojú bolẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara sókè, kí wọ́n tó wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àyà sókè kí ìbàdí ṣì wà nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ló ń fẹ́ títẹ̀ sẹ́yìn o. Àgbàlagbà tí ihò eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti fún máa ń rí ìtura bó bá tẹ̀ síwájú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ rí olùtọ́jú, kó bá wa wá ìhà tí ara tiwa ń fẹ́. Kí awakọ̀ àti télọ̀ sì máa dìde lórí ìjókòó láti ìgbà dé ìgbà. Alábàárù kó dín ẹrù kù fúngbà díẹ̀.

Ó wá ku àwọn tí kò lè ní sùúrù. Bàbá á ní kí ọmọ gun òun lẹ́yìn, kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n; ibi tí iṣan wà kì í ṣe ibi ìjàkadì. Abẹ́rẹ́ ìdí lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì ló ń dùn mí jù, nítorí inú ìdí ni iṣan tí dísìkì ń tẹ̀ yìí gbà. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣìnà lè gún un, kó sì sọ ẹni tó ń tiro díẹ̀ di ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Ibuprofen àti diclofenac lè dín ìrora kù fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ bí ẹ bá sọ wọ́n di oúnjẹ, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí inú, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Pregabalin tí wọ́n ń kọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ṣe ju oògùn òfìfo lọ nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Australia ní 2017, òòyì ló fi kún un. Ti bẹ́líìtì, ìlànà NICE tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ láti 2016 pé kí dókítà má fún aláìsàn. Aṣọ gbígbóná tí ẹ fi jó ẹ̀yìn, tàbí òrí tí ẹ fi ra á, kò lè pa yín lára. Kò kàn ní mú dísìkì padà ni. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí dókítà akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń fún ènìyàn lábẹ́ àwòrán lè ra àsìkò díẹ̀ fún ẹni tí ìrora kò jẹ́ kó sùn, kó lè ráyè ṣe eré ìmárale. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́.

Sùúrù ní ààlà, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí abẹ́ àti ìdí, ibi tí a fi ń jókòó lórí ọ̀kadà, bá kú tí kò mọ nǹkan lára mọ́. Bí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà láìmọ̀. Bí ìgbẹ́ bá ń yọ. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ: ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà, kí ilẹ̀ má ṣú. Ọ̀bẹ ló máa gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, wákàtí sì ṣe pàtàkì. Bí ọmọ ẹsẹ̀ kò bá gbé sókè mọ́, tí sálúbàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀, ẹ má fi ṣeré. Ibà, òógùn òru àti rírù pẹ̀lú ìrora ẹ̀yìn lè jẹ́ ikọ́ ife tó wọnú eegun, ìyẹn sì ní oògùn tirẹ̀. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, tàbí tó ṣubú láti òkè, kó tètè lọ rí dókítà.

Bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá tí ìrora ẹsẹ̀ kò yé, iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ìtìjú. Ní Netherlands, wọ́n fi ènìyàn 283 ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2007. Àwọn tí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún yára rí ìtura, àmọ́ lópin ọdún kan, ìdá 95 nínú 100 ló ti gbádùn ní apá méjèèjì. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ ní sùúrù, ìdá 39 ló padà gbà kí wọ́n ṣe é.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ lọ síbi tí físíò wà. Ilé ìwòsàn Ìgbóbì nílùú Èkó, tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1945. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní àwọn olùtọ́jú físíò, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba náà ní wọn. Ẹ fi ìka tọ́ka síbi tí ìrora dé lẹ́sẹ̀ fún olùtọ́jú. Ẹ sọ ìdúró àti ìjókòó tó ń mú un le. Ẹ bi í pé ìhà wo ló ń mú un gòkè, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, àti ìgbà wo ni kí ẹ dáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ iná ẹ̀rọ nìkan ló ń tàn sí yín lẹ́yìn lójoojúmọ́ tí ẹ bá lọ, ẹ ní kó kọ ohun tí ẹ ó máa ṣe nílé sílẹ̀ fún yín.