Ẹ Dákẹ́ Kẹ́ Ẹ Lè Gbọ́ Bọ́ládé

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe yìí ni wọ́n fi ń dá ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́bi nílé wa. Òun náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di òǹkọ̀wé máa ń fi ro ẹjọ́ ara wọn tí wọ́n bá wá bá mi: “Bàbá, èrò máa ń bà mí lẹ́rù. Mi ò lè dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ṣé mo lè kọ̀wé báyìí?”

Ta ló sọ fún yín pé ẹnu la fi ń kọ̀wé? Òwe yẹn, ti ọjà ni, ti kóòtù ni, ti ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan ni. Ẹni tó bá dákẹ́ níwájú kọ̀ndọ́, ṣéńjì ẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n nídìí ìwé kíkọ, ẹ ti ṣíwájú ẹlẹ́nu dídùn kẹ́ ẹ tó mú bírò rárá.

Ẹ wo Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1920. Ó ṣe alágbẹ̀dẹ fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ mẹ́séńjà ló rí ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ẹ mọ mẹ́séńjà: á jókòó títí wọn yóò fi rán an níṣẹ́, kò sí ọ̀gá tó ń bi í lérò. Nínú ìjókòó yẹn ló ti kọ ìtàn ọ̀mu tó wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú. Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní 1952, Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, sì yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan tó kàwé ni inú bí: Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tọ́, ó dójú tì wá. Ẹlòmíì ì bá máa fèsì títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Tutùọlá gbé ìwé kejì jáde ní 1954. Nígbà tí orúkọ ẹ̀ ti kan káàkiri, ó ṣì ń tọ́jú sítọ̀ nílé iṣẹ́ rédíò n'Ìbàdàn.

Ìdákẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe ti àyíká o. Bọ́ládé tí mò ń gbé, l'Òṣòdì ní Èkó, kì í ṣe ibi tó pa rọ́rọ́. Ọkọ̀ ń fọn fèrè lójú ọ̀nà Agége, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, bàálù ń sọ̀ kalẹ̀ lókè orí, kọ̀ndọ́ ń pariwo pé ká wọlé ti àwa ti ṣéńjì. Ẹni tó bá ń dúró dìgbà tí Òṣòdì máa dákẹ́ kó tó kọ̀wé, kó yáa kẹ́rù. Ẹnu tiwa la lè dí.

Ẹ lọ dúró nídìí ẹni tó ń ta òkìríkà. Mo rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó fi ìbàdí ṣòkòtò yí ọrùn ká, bí a ti ń ṣe ká lè mọ̀ bóyá ó máa bá ìdí mu. Ó lé dáadáa. Ó ní, “Ó tóbi jù.” Ìyàwó ẹ̀ ò gbójú sókè: “Kò tóbi. Ìwọ lo rù.” Ìyá tó ń tajà wo ọkùnrin náà, ó sì dín owó tó kọ́kọ́ pè kù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì nájà. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn mẹ́ta yẹn tó ìwé odidi kan. Ẹlẹ́nu ì bá ti dá sí i, ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba, kò sì ní gbọ́ gbólóhùn obìnrin yẹn.

Ẹ má yọ fóònù láti gba ohùn wọn sílẹ̀ o, olè nìyẹn. Ẹ gbé e sórí délé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. “Ìwọ lo rù” ló sọ. Ẹ má sọ ọ́ di “ara rẹ ti joro.”

Lẹ́yìn náà, ẹ má sọ ìtàn náà fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tó ti ròyìn ìwé rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́, ti gba owó iṣẹ́ tí kò tíì ṣe. Tó bá jókòó lálẹ́, ọwọ́ á wúwo. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé nílé ọlọ́tí ni ìwé wọn wà títí dòní.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún èèyàn. Lóòótọ́, akéwì Emily Dickinson fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú ilé bàbá rẹ̀ l'Amẹ́ríkà, ó kọ ewì tó lé ní 1,700, díẹ̀ báyìí ló sì jáde kó tó kú ní 1886. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tiwa tí èèyàn márùn-ún ń sùn sí, ta ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ tìlẹ̀kùn? Fágúnwà ni kẹ́ ẹ wò. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, ó fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ọdẹ tó ń jẹ́ Àkàrà-Oògùn, òǹkọ̀wé sì jókòó, ó ń kọ ohun tó ń gbọ́.

Nítorí náà, ẹ kí èèyàn. Adákẹ́ tó bá kọjá níwájú ọlọ́jà láìsọ pé “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá,” agbéraga ni wọ́n máa pè é, àwọn náà á sì dákẹ́ fún un. Tó bá di pé kẹ́ ẹ bèèrè ọ̀rọ̀, ẹ bi ìbéèrè kan ṣoṣo, kúkúrú, kẹ́ ẹ sì mẹ́nu dúró. Ẹ má sáré ran ẹni náà lọ́wọ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni èyí tó ti ń sọ fún gbogbo ayé. Tí ẹ ò bá tètè fèsì, á tún sọ̀rọ̀, èyí tí ẹ wá gbọ́ sì máa ń wà nínú ìkejì yẹn.

Wọ́n á pè yín lọ́jọ́ kan pé kẹ́ ẹ wá ka ìwé yín níwájú èrò. Ẹ lọ. Ẹ ka ojú ìwé méjì, kẹ́ ẹ dúpẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ dúró sẹ́yìn tábìlì. Ìbéèrè tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀, kẹ́ ẹ sì tètè wá ọkọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì tó bẹ̀rẹ̀.