Ìlérí Pẹ̀lú Pákó

Bíbélì Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:9-44

Àsìkò ìsinmi ni àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, tí wọn á lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ létí omi. Wọn á pàgọ́, wọn á dáná, wọn á yan ẹran jẹ, wọn á sì háyà ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó wà ní ìlú ọba lè gba ọ̀nà Windermere lọ, adágún tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó wà l'Ékòó lè wọkọ̀ gba ojú omi lọ sí Tarkwa Bay.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Jésù fúnra rẹ̀ rí i pé ó ti rẹ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá sí ibi àdádó láti sinmi díẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì wọ̀ lọ síbẹ̀ (Máàkù 6:31-32). Lẹ́yìn àjíǹde, ó dáná sétí adágún kan náà, ó yan ẹja, ó sì pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹun. Nítorí náà, n kò wá láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ kí ẹ tó di ẹrù.

Nínú ibi tí a kà, Pọ́ọ̀lù jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Róòmù. Ọjọ́ ààwẹ̀ ti kọjá, ìgbà òtútù ti ń sún mọ́lé, ojú òkun sì ti léwu. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ atukọ̀ àti ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ ni balógun ọ̀rún gbà. Ẹ wo ẹsẹ kejìlá dáadáa: àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní kí ọkọ̀ máa lọ. Kí ló dé? Èbúté tí wọ́n wà kò rọrùn láti gbé nígbà òtútù. Ìrọ̀rùn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gúúsù wá ń fẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé ọwọ́ ti tẹ ohun tí àwọn ń fẹ́. Kò pẹ́ tí ìjì fi dé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń rí láàárín ọ̀rẹ́. Ẹni mẹ́jọ fẹ́ wọ ọkọ̀ ẹni mẹ́fà. Ẹnì kan nínú wọn rí i pé kò dára, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti dá ṣe alátakò. Ẹlòmíràn kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ rárá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bàa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Arákùnrin kan á wá fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ dì í: “Ṣé o ò nígbàgbọ́ ni? Odò kì í kún kó bo ẹja lójú!” Gbogbo wọn á ṣe Àmín, wọn á sì kó wọkọ̀. Òwe yẹn dùn, èmi náà sì máa ń fi í gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹja ni wọ́n pa á fún. Ìwọ kì í ṣe ẹja.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù, nítorí ibi tó ṣe pàtàkì jù ṣì kù. Lóru, áńgẹ́lì Ọlọ́run dúró tì í, ó sì fi dá a lójú pé ẹ̀mí ẹnì kan kò ní ṣòfò, àfi ọkọ̀ nìkan. Ẹni 276 ni wọ́n. Ìlérí tó dájú nìyẹn, láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run tí kì í purọ́. Bó bá jẹ́ àwọn kan nínú wa ni, wọn ì bá ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kí wọ́n máa kọrin títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n wọn bí omi ti jìn tó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀. Nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ fọgbọ́n sá lọ nínú ọkọ̀ kékeré, Pọ́ọ̀lù fi yé balógun ọ̀rún àti àwọn ọmọ ogun pé bí àwọn wọ̀nyí bá lọ, kò sí bí ẹ̀yin náà yóò ṣe là. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tí Ọlọ́run ṣèlérí fún gan-an ló ń sọ pé a nílò àwọn tó mọ ọkọ̀ wà. Òun náà ló ní kí gbogbo wọn jẹun kí wọ́n lè ní okun. Nígbà tí ọkọ̀ sì fọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ́ sómi, àwọn yòókù di pákó àti àfọ́kù ọkọ̀ mú. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe gúnlẹ̀ sí Malta láìku ẹnì kan. Ìlérí náà ṣẹ, orí pákó ló sì gbà ṣẹ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Jésù wà nínú ọkọ̀ tèmi.” Àmín. Ẹ rántí irú omi àti irú ọkọ̀ tó sùn sí. Adágún Gálílì kò tóbi púpọ̀: ó gùn tó bíi kìlómítà 21, ó fẹ̀ tó bíi 13. Ṣùgbọ́n ó wà nísàlẹ̀ ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi 210 mítà, òkè sì yí i ká, ìdí nìyẹn tí ìjì fi ń já lé e lórí lójijì. Ní 1986, nígbà tí ọ̀dá mú kí omi rẹ̀ fà, wọ́n rí ọkọ̀ àtijọ́ kan nínú ẹrẹ̀ etí rẹ̀, ti nǹkan bí ìgbà ayé Jésù. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 8, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irú èyí ni Olúwa sùn sí nígbà ìjì, ẹ má gbàgbé pé àwọn apẹja tó dàgbà sórí omi yẹn ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí èṣù sì ní kó bẹ́ sílẹ̀ láti ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, tó fi ìlérí nípa àwọn áńgẹ́lì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, Olúwa kọ̀. Dídán Ọlọ́run wò ló pè é.

Láífù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú ni léfòó, ni pákó tìrẹ. Kì í ṣe ohun tí à ń jókòó lé, kì í sì í ṣe ohun tí à ń tì sábẹ́ ìjókòó kó má bàa ba fọ́tò jẹ́. Ara ni à ń wọ̀ ọ́ sí kí ọkọ̀ tó ṣí, a ó sì fa gbogbo okùn rẹ̀ le. Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú kó gbé e sókè: bó bá bọ́ kọjá àgbọ̀n rẹ, kò bá ọ mu, gba òmíràn. Ti ọmọdé ni kí ẹ wọ̀ fún ọmọdé. Ọkọ̀ tí kò bá ní èyí tó kárí, ẹ má wọ̀ ọ́, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti sanwó.

Ẹ̀yin ará wa ní ìlú ọba, Windermere gùn tó kìlómítà 17, ibi tó jìn jù níbẹ̀ sì lé ní 60 mítà. Ní oṣù Karùn-ún, oòrùn lè mú títí ẹ óò fi máa làágùn, kí omi sì tutù bíi yìnyín lábẹ́ yín. Bí omi bá tutù dé ìwọ̀n 15 lórí Celsius tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó já sínú rẹ̀ lójijì yóò ṣàdédé mí kanlẹ̀ láìfẹ́. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi lásìkò náà, omi ni yóò fà símú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa náà lè tipa bẹ́ẹ̀ kú. Àwọn RNLI, ẹgbẹ́ adóòlà ẹ̀mí lójú omi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1824, ń kọ́ni pé kó má ṣe bá omi jà. Kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí etí rẹ̀ wọnú omi, kó na ọwọ́, kó na ẹsẹ̀, kó máa léfòó títí mímí rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan tàbí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni kó ké fún ìrànlọ́wọ́ tàbí kó wẹ̀ bọ̀ wá sétí omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí ilẹ̀, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ó ṣòro nígbà tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni ló ń ké. Ẹ pe 999 lọ́hùn-ún, tàbí 112 ní Nàìjíríà, kí ẹ sì ju okùn tàbí kúlà òfìfo tàbí ohunkóhun tó lè léfòó sí i.

Alẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Òtútù á mú, ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé iná èédú tí wọ́n fi yan ẹran wọnú àgọ́. Ẹ má gbà! Èédú tó dà bíi pé ó ti kú ṣì ń tú afẹ́fẹ́ carbon monoxide jáde. Kò lóòórùn, ojú kò sì lè rí i. Ẹni tó bá sùn tì í lè má jí mọ́. Ṣíṣí ẹnu àgọ́ sílẹ̀ kò tó. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń pa àwọn ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn.

Ìwọ tí o kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Ìwọ tí wọ́n fi ṣe olórí, bi olúkúlùkù léèrè ní ìkọ̀kọ̀, má bi wọ́n níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá sì ní ọkàn òun kò balẹ̀, má fi ìgbàgbọ́ ṣe pàṣán nà án. Balógun ọ̀rún yẹn kò gbọ́ ti Pọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kíní, ṣùgbọ́n ó gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ló sì ran gbogbo ọkọ̀ lọ́wọ́. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sanwó ọkọ̀, ẹ ṣì lè sọ pé, “A ò lọ mọ́.” Owó náà lè má padà. Ẹ jókòó sétí omi, kí ẹ yan ẹja jẹ.

Àdúrà: Baba, a fi àwọn ọmọ wa tó ń lọ sójú omi ní Sátidé yìí lé ọ lọ́wọ́. Fún ẹni tí ojú ń tì ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀. Fún olórí wọn ní etí ìgbọ́ràn. Kó wọn lọ, kó wọn bọ̀, kí iye tó jáde nílé jẹ́ iye tí yóò wọlé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.