Ṣé omi kànga wa kò ní èsáǹsì nínú?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ìbejì kan fa omi nínú kànga agboolé. Ó gbé omi náà sún mọ́ imú. Omi náà ń rùn bí èsáǹsì. Ẹ̀yìn ilé wọn ni garáàjì wà. Ó lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì.

— Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o.

— Ẹ káàárọ̀, ìyá ìbejì. Ṣé àlàáfíà ni?

— Omi kànga wa ń rùn bí èsáǹsì. Ṣé kì í ṣe epo yín ló ń wọ inú rẹ̀?

— Áà, ìyá! Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, omi yẹn náà là ń mu. Ilẹ̀ ni mo ń da epo sí. N kò da nǹkan kan sí kànga.

Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Kò da epo sí kànga. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ tó ń da epo sí ni omi kànga wà.

Báwo ni epo ṣe ń dé inú kànga?

Tí a bá da èsáǹsì, gasoil tàbí epo ẹ́ńjìnì tó ti dúdú sílẹ̀, ilẹ̀ a fà á mu. Tí òjò bá rọ̀, òjò a tì í lọ sísàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, yóò dé ibi tí omi wà. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà ó ń léfòó. Ṣùgbọ́n apá kan nínú èsáǹsì ń yòrò sínú omi. Ojú kì í rí apá yìí.

Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó lè gbé epo dé kànga ẹlòmíràn. Níbi tí ilẹ̀ jẹ́ iyanrìn, tí omi kò sì jìn, epo tètè ń dé omi. Níbi tí àpáta pọ̀, bí ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, epo lè gba inú àlàfo àpáta lọ jìnnà.

Kí ni epo ń ṣe nínú ara?

Omi tó ní epo púpọ̀ lè fa inú rírun, èébì, orí fífọ́ àti òòyì. Ohun kan tún wà nínú èsáǹsì tí a ń pè ní benzène. Tí ènìyàn bá ń mu ún fún ìgbà pípẹ́, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) sọ pé benzène kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0,01 lọ nínú lítà omi 1. Imú wa kò lè gbọ́ òórùn ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, omi tí kò rùn lè ní benzène nínú.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nisisioken Ogale, ní ilẹ̀ Ogoni ní Nàìjíríà. Epo jò níbẹ̀, ó sì wọ inú ilẹ̀. Ní ọdún 2011, àjọ PNUE sọ àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Benzène inú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu ju ìwọ̀n OMS lọ ní ìlọ́po 900.

Ohun tí a lè wò fúnra wa

1. Ẹ kọ́kọ́ wo korobá àti bídọ̀n. Bídọ̀n tó ti gba epo kpayo rí lè mú omi rere rùn.

2. Ẹ bu omi dé ìdajì ìgò mímọ́. Ẹ dé e, ẹ mì ín, ẹ ṣí i, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ má tọ́ ọ wò lẹ́nu.

3. Ẹ wo ojú omi. Tí ẹ bá rí àwọ̀ bí òṣùmàrè, ẹ fi igi kékeré tọ́ ọ. Tó bá fọ́ wẹ́wẹ́ tí kò sì tún so pọ̀, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí irin inú ilẹ̀. Tó bá tún so pọ̀ kíákíá, epo ni.

Ẹ má ṣáná sí omi láti dán an wò! Ooru èsáǹsì lè gbiná.

Bí a ṣe ń gba omi fún ilé àyẹ̀wò

Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ mẹ́rì tàbí ilé ìwòsàn. Ilé àyẹ̀wò ló dára kó fúnni ní ìgò. Ìgò onígíláàsì ni, kì í ṣe ike. Ẹ kún un dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má ṣe kù nínú rẹ̀, kí ẹ sì dé e pinpin. Ẹ kọ orúkọ kànga, ọjọ́ àti wákàtí sí i lára. Ẹ gbé e sínú yìnyín, kí ẹ sì tètè fi ránṣẹ́. Ẹ gba omi kànga mìíràn tó jìnnà sí garáàjì pẹ̀lú, kí a lè fi wé e.

Kí àbájáde tó dé

Ẹ má mu omi náà, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má fi wẹ ọmọ. Síse kì í ṣe àtúnṣe rẹ̀: ooru benzène yóò wọ imú ẹni tó ń sè é. Omi Javel ń pa kòkòrò, kì í mú epo kúrò. Álọ́ọ̀mù náà kò lè mú un kúrò. Ẹ wá omi níbòmíràn. Ẹ dé kànga náà, ṣùgbọ́n ẹ má dí i, nítorí wọn yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀gá àti ìyá ìbejì jọ lọ sí ilé iṣẹ́ mẹ́rì. Àyẹ̀wò fi hàn pé epo wà nínú omi. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá ń gba epo ẹ́ńjìnì sínú agbada, ó ń dà á sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí. Ó fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ garáàjì, ó sì fi páànù bò ó. Tí epo bá ta sílẹ̀, iyanrìn ló fi ń gbé e. Kò da nǹkan kan sí ihò tàbí ṣáláńgá mọ́. Ṣùgbọ́n kànga ṣì wà ní dídé, nítorí ilẹ̀ tí epo ti wọ̀ kì í tètè mọ́. Pọ́ǹpù òkè ọjà ni ìyá ìbejì ń lọ báyìí, ó sì jìnnà.

Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá. Epo mọ́tò ni ọ̀tá omi. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pàdé.

Ìbéèrè

1. Ọ̀gá kò da epo sí kànga. Báwo ni epo ṣe dé ibẹ̀?
2. Kí nìdí tí síse omi kò fi tó?
3. Kànga mélòó ló wà nítòsí garáàjì ní abúlé yín? Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.