Ṣé Ara Kọ Etí Ikún sí Ínsúlínì?

Bí ènìyàn bá fẹ́ fi èdè wa ṣàlàyé bí ó ti jẹ́ tí ínsúlínì fi ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó sanra ní àsanjù, tí ṣúgà kò sì torí rẹ̀ lọ sílẹ̀, gbólóhùn tí ó yá lẹ́nu jù lọ ni pé ara onítọ̀hún ti kọ etí ikún sí ínsúlínì. Ó dùn létí, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé ikún yìí kan náà ni àwọn àgbà ní ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ó ń rèdí, tí kò mọ̀ pé ohun tí ó dùn a máa pa ni. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó tọ̀nà bí?

Adití kò gbọ́ rárá. Ẹni tí ó kọ etí ikún gbọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Ìwádìí tí Christoph Buettner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2024 kò jẹ́ kí a lè di irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ ru ara mọ́. Wọ́n rí i lára èkúté tí a fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ pé ara lè máa gbọ́ ohùn ínsúlínì ketekete, kí ó má sì lè ṣe ohun tí ó wí, nítorí pé àṣẹ mìíràn ń gba ojú iṣan wọlé. Ọba kì í sáà pé méjì láàfin. Ínsúlínì ní kí ọ̀rá jókòó sí ààyè rẹ̀; àwọn iṣan tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ (iṣan ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni mo ń wí, bí a tilẹ̀ fi orúkọ kan pe méjèèjì), tí àjẹjù ti ru sókè, ń tú èròjà kan tí a ń pè ní noradrenaline sí ọ̀rá kan náà pé kí ó yọ́; èyí tí ó bá yọ́ a bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a sì máa pèsè ṣúgà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dá àwọn iṣan náà lẹ́kun àtipèsè noradrenaline, àwọn èkúté náà sanra bí ẹgbẹ́ wọn, síbẹ̀ ínsúlínì wọn ń ṣiṣẹ́ bí iṣẹ́.

Èmi ìbá kúkú sọ pé apá ínsúlínì kò ká ṣúgà mọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká nǹkan kò jẹ̀bi, ọ̀ràn ni ó ju agbára rẹ̀ lọ. Kí a sáà kíyè sí ẹni tí ó ni apá: bí a bá wí pé "apá ara kò ká ínsúlínì", a ti yí ọ̀rọ̀ po, bí ẹni pé ínsúlínì ni ó ya ẹhànnà.