Òkun Tí Ń Lọ Tí Ń Bọ̀: Ìbẹ̀wò sí Ìlú Saint-Malo ní Ilẹ̀ Faransé

Ìlú Saint-Malo wà ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ní ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Bretagne. Ó kọjú sí òkun tí ó pín ilẹ̀ Faransé níyà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ìlú ńlá bí Marseille, kò sì lókìkí bí Paris. Síbẹ̀ n kò tí ì rí ìlú mìíràn tí olùkọ́ lè ti rí ẹ̀kọ́ nípa òkun, nípa ìtàn àti nípa agbára iná mànàmáná kó jọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo bí ti ibẹ̀. Mo ń kọ́ èdè Faransé ní Rennes nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ti ibẹ̀ lọ sí Saint-Malo kì í lò tó wákàtí kan lọ́nà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti Dakar wá ni a jọ wọ̀ ọ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ọjọ́ kejì tí òṣùpá ti mọ́lẹ̀ kíkún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òṣùpá yìí sọ́kàn. Òun gan-an ni ìdí tí a fi yan ọjọ́ náà.

Nígbà tí a dé orí odi ìlú, agogo kò tí ì lu mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Odi náà jẹ́ ti òkúta akọ, ó ga, ó nípọn, ènìyàn sì lè rìn lórí rẹ̀ yí ìlú àtijọ́ ká. Òkun ti kún dé ìsàlẹ̀ odi, ó ń gbá a, ìfófòó rẹ̀ sì ń ta sókè sí àwọn tí ń kọjá. Níwájú wa, erékùṣù kékeré méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Grand Bé àti Petit Bé dúró láàárín omi bí erinmi tí ó gbé ẹ̀yìn sókè. Ẹni tí kò mọ ìlú náà yóò búra pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó lè gbé ènìyàn débẹ̀. Ní agogo méjì ọ̀sán, ẹsẹ̀ wa ni a fi rìn lọ.

Ohun tí ó fa èyí ni mo fẹ́ là yé yín. Gbogbo wa tí a ti ìlú etíkun wá ni a mọ̀ pé òkun a máa kún, a sì máa fà, ẹ̀ẹ̀mejì méjì láàárín ọ̀sán àti òru. Òṣùpá ni ó ń fa omi òkun sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Oòrùn náà ń fà á, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ lórí òkun kò tó ti òṣùpá nítorí jíjìnnà rẹ̀. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí ó bá di àrànmọ́jú, oòrùn àti òṣùpá a pa agbára wọn pọ̀, òkun a sì kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, a sì fà jìnnà bákan náà. Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí máa ń hàn jùlọ ní Saint-Malo.

Ní Èkó, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìkún òkun àti ìfà rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà kan lọ. Ní Saint-Malo, ó máa ń ju mítà 12 lọ nígbà tí ó bá le jùlọ: ilé alájà mẹ́ta ni omi bá rì yẹn! Òṣùpá kan náà ni ó kúkú ń ràn sí ìlú méjèèjì. Bí ilẹ̀ ti rí ni ó fa ìyàtọ̀. Omi ńlá tí ń bọ̀ láti òkun Àtìláńtíìkì ń wọ ọ̀nà tóóró tí ó wà láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó ti ń bọ̀, ilẹ̀ Cotentin nà jáde bí apá ènìyàn, ó dí i lọ́nà. Omi kò rí ibi gbà, ìsàlẹ̀ òkun kò sì jìn níbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè ṣe ju kí ó gbé ara rẹ̀ ga lọ.

Àwọn ará ìlú kì í fi òkun yìí ṣeré. Wọ́n ní ìwé pẹlẹbẹ tí a kọ wákàtí ìkún àti ìfà sí fún ọjọ́ gbogbo ní ọdún, pẹ̀lú nọ́ńbà láti 20 dé 120 tí ń fi hàn bí yóò ti le tó. Ní ọ̀nà Grand Bé, wọ́n gbé àkọlé síbẹ̀ pé bí òkun bá ti bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, kí ẹni tí ó wà lórí erékùṣù dúró níbẹ̀ títí omi yóò fi tún fà, kí ó má ṣe dán an wò láti là á kọjá. Wákàtí bíi mélòó kan nínú òtútù sàn ju kí omi gbé ènìyàn lọ. Mo bèèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tí ń fi ọ̀kọ̀ kékeré wa yanrìn wá ìṣáwùrú pé, "Ìyá, báwo ni ẹ ṣe ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ padà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sí aago ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Lórí Grand Bé ni ibojì François-René de Chateaubriand wà, òǹkọ̀wé ńlá tí a bí ní Saint-Malo ní ọdún 1768, tí ó sì kú ní 1848. Àgbélébùú òkúta ni ó wà níbẹ̀, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ibi tí òun kò ti ní gbọ́ ohun mìíràn ju òkun àti afẹ́fẹ́ lọ ni ó fẹ́ sùn sí. Àwọn àlejò dúró, wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò kọ sí ibojì náà: bàbá rẹ̀, René-Auguste, jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ àti oníṣòwò tí ó kó ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà, nínú ọrọ̀ òwò ojú òkun bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti ra ilé olódi ti Combourg ní ọdún 1761, níbi tí ọmọ náà ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ará Dakar, tí ó ti mọ erékùṣù Gorée láti kékeré, wo àgbélébùú náà pẹ́, ó sì bi mí pé: "Àwọn tí bàbá rẹ̀ kó lọ ńkọ́, níbo ni wọ́n sin wọ́n sí?" N kò rí èsì kankan fún un. A jókòó díẹ̀ lórí koríko, a kò sọ̀rọ̀.

Ère Robert Surcouf wà lẹ́bàá odi, ó na ọwọ́ sí òkun. Akọni ni wọ́n kà á sí, nítorí ó kó ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ lójú omi. Òun náà ṣòwò ẹrú. Èmi kò sọ pé kí wọ́n wó ère. Mo rò pé ó tọ́ kí olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn sọ apá méjèèjì.

Ìlú àtijọ́ tí a ń wò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbó bí ó ti jọ lójú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lé àwọn ará Jámánì jáde, bọ́ǹbù àti iná jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí ó wà nínú odi run. Àwọn ará ìlú tún un kọ́ ní àwòrán ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì lo ju ọdún mẹ́wàá lọ nídìí rẹ̀. Nínú kàtídírà ni ibojì Jacques Cartier wà, ẹni tí ó ṣíkọ̀ láti ìlú yìí lọ sí Kánádà ní 1534.

Ní ti etíkun, mo lúwẹ̀ẹ́. Omi náà tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ṣeré nínú rẹ̀ bí ẹni wà nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní etíkun Bon-Secours, wọ́n mọ ògiri yí apá kan ká. Bí òkun bá fà, omi a ṣẹ́kù sínú rẹ̀ fún àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà a jẹ galette, oúnjẹ pẹlẹbẹ tí a fi ẹyin sí láàárín. Wọ́n ń pe ìyẹ̀fun rẹ̀ ní àlìkámà dúdú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìran àlìkámà rárá.

Ibi tí ó wù mí jùlọ kò sí nínú odi. Láàárín Saint-Malo àti Dinard, wọ́n mọ ògiri sé ẹnu odò Rance, ó gùn tó mítà 750, mọ́tò sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ 24 wà nínú rẹ̀ tí omi ń yí, gbogbo wọn sì lè mú iná mànàmáná tí ó tó mẹ́gáwáàtì 240 jáde. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣí i, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí Akosombo ní Gánà. Ẹ̀yin ará Gánà, ẹ wo ìyàtọ̀ wọn: omi odò Fóltà ń ṣàn sí ọ̀nà kan, ti Rance ń wọlé, ó tún ń jáde, ó sì ń yí ẹ̀rọ. Nígbà tí òkun bá kún, wọn a ti ilẹ̀kùn omi. Nígbà tí òkun ìta bá lọ sílẹ̀, wọn a jẹ́ kí ti inú tú jáde. Òjò ìbáà rọ̀ tàbí kí ó má rọ̀, òṣùpá kì í pa iṣẹ́ jẹ.

Ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá súnmọ́ etíkun lè fi èyí kọ́ àwọn ọmọ láìná kọ́bọ̀. Kí ó wá ibi tí ìgbì kò le, ẹnu odò tàbí lẹ́bàá èbúté, kí wọ́n ri ọ̀pá tí a ti fi ọ̀dà sàmì sí mọ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn ọmọ kọ wákàtí tí omi kún jùlọ àti àmì tí ó dé, kí wọ́n sì ya àwòrán òṣùpá alẹ́ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn yóò rí i pé ìkún omi ń pẹ́ ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, gan-an gẹ́gẹ́ bí òṣùpá fúnra rẹ̀ ti ń pẹ́ yọ.