Ìjàpá Kékeré Kò Jẹun Mọ́: Ẹ Wo Ooru Kí Ẹ Tó Wo Oúnjẹ

Nínú àlọ́, wọ̀bìà ni a mọ Ìjàpá sí. Nítorí oúnjẹ ló ṣe ń rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ, nítorí oúnjẹ náà ló sì ṣe ń tẹ́. Torí náà, bí ìjàpá gidi tó wà nínú ilé yín bá kọ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ohun tó yẹ kí ẹ ṣe, àti èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ń gbé. Ìjàpá tí mo mọ̀ dáadáa ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sìn níbí, tí wọ́n ń pè ní Hermann. Gúúsù Yúróòpù ló ti wá, láti ibi bí Ítálì àti Gíríìsì. Kì í ṣe ìjàpá inú igbó tiwa nílé. Tiwa fẹ́ràn ibòòji àti ilẹ̀ tó rin, ó sì máa ń jẹ olú àti kòkòrò. Hermann fẹ́ràn oòrùn, ewé ló sì ń jẹ. Bí tiyín bá jẹ́ irú mìíràn, nọ́ńbà tí mo fẹ́ sọ yìí lè yàtọ̀, àmọ́ bí a ṣe ń ṣàyẹ̀wò kò yí padà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ooru?

Ara èèyàn ń ṣe ooru fúnra rẹ̀. Bí yìnyín bo gbogbo ìta, inú ara wa ṣì gbóná tó nǹkan bíi 37 °C. Ara ìjàpá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ibi tó wà bá ṣe gbóná tó ni òun náà ṣe ń gbóná tó. Ooru yẹn ló ń jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú rẹ̀. Bí òtútù bá mú un, ìfun rẹ̀ á dẹwọ́ iṣẹ́, ohun tó bá jẹ á kàn jókòó síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní wu ú jẹ. Ewé yín lè dára gan-an, ara rẹ̀ ni kò tíì ṣetán.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyí: yàrá tó bá wà ní 20 °C tu èmi àti ẹ̀yin lára. Òtútù ni fún ìjàpá kékeré.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ooru

Bí kọ́òdù bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, àwa tí à ń kọ ọ́ kì í yí nǹkan mẹ́wàá padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan là ń yí, a ó sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà náà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a máa sáré ra tòmátò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ìjàpá tí òtútù ń mú, làpálàpá là ń pa yẹn.

Ẹ gbé tẹmómítà sílẹ̀ níbi tí ìjàpá ń dúró sí gan-an, kì í ṣe sára ògiri. Lọ́sàn-án, ó yẹ kí abẹ́ iná ooru tó 30 sí 35 °C. Kí apá kejì àpótí tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní nǹkan bíi 20 sí 22 °C, kí òun fúnra rẹ̀ lè yan ibi tó bá fẹ́. Ooru àpọ̀jù náà ń pa á.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní ìjàpá tí kò tíì pé ọdún kan, gíráàmù 60 péré. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi jẹun nínú oṣù kẹwàá. Wọ́n ti gbé oríṣi ewé márùn-ún síwájú rẹ̀, ọmọ náà sì ti ń sunkún. Nígbà tí a wọn abẹ́ iná, 23 °C la bá níbẹ̀: wọ́n ti so iná náà sókè jù. A rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di 32. A kò yí nǹkan mìíràn padà. Ní ọjọ́ kẹta, ó bu ewé jẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìmọ́lẹ̀ UVB

UVB wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ojú wa kò kàn rí i ni. Òun ni ìjàpá fi ń ṣe fítámì D3, tí egungun àti ìkarahun rẹ̀ fi ń le. Gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kó wọlé, torí náà iná UVB ṣe pàtàkì. Iná náà lè máa tàn kí UVB inú rẹ̀ sì ti tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju oṣù 6 sí 12 lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: omi

Ẹ gbé e sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójoojúmọ́. Kí omi má kọjá àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lọ síbì kankan. Á mu omi, ó sì lè yàgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oúnjẹ

Ìgbà yìí ni oúnjẹ tó kàn. Ewé dandelion dára púpọ̀, ìbátan yánrin tiwa ni. Kódà, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún yánrin, taraxacifolia, túmọ̀ sí pé ewé rẹ̀ jọ ti dandelion. Ẹ má fún Hermann ní èso dídùn, ẹ má sì fipá la ẹnu rẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ sáré?

Ẹ máa fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ooru bá ti pé, tí ọjọ́ díẹ̀ sì kọjá láìjẹun, tàbí tó ń fọn, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ìjàpá. Bí ojú rẹ̀ bá wú, tí imú rẹ̀ ń hó, tó ń la ẹnu mí, tàbí tí ìkarahun rẹ̀ rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.

Ẹ ṣọ́ra láti oṣù kẹsàn-án. Níta, Hermann máa ń sun oorun ìgbà òtútù. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú, èyí tó wà nínú ilé náà lè fẹ́ sùn. Ewu ibẹ̀ ni pé yàrá wa kò tutù tó kó sùn gidi, kò sì gbóná tó kó jẹun. Ara rẹ̀ á máa jẹ ohun tó fi pamọ́ títí yóò fi tán. Ẹ jẹ́ kí iná ooru àti UVB máa tàn fún wákàtí 12 sí 14 lóòjọ́. Ẹ má jẹ́ kí èyí tí ara rẹ̀ kò yá lọ sùn.

Ìdánrawò: ẹ ka ìbéèrè wọ̀nyí sókè, kí ẹ fi gbólóhùn kan dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Kí ló dé tí oúnjẹ kì í dà nínú ìjàpá tí òtútù mú?
2. Ibo ló yẹ kí a gbé tẹmómítà sí?
3. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí ni ẹ̀tẹ̀, kí sì ni làpálàpá?