Àgádágodo Orí Bíráúsà: Ohun Tó Ń Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin fẹ́ ra fóònù lórí ayélujára. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìkànnì yìí dáa?" Mo wo òkè bíráúsà, mo rí àwòrán àgádágodo, mo ní, "Kò séwu." Ó sanwó. Fóònù ò dé títí dòní. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọmọ kọ̀ǹpútà ni mo ṣì í lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ibi tí mo ti ṣìṣe.

Tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í lọ lódindi. Fóònù yín á gé e sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan là ń pè ní pákẹ́ẹ̀tì. Pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ráútà kan á gbà á, á tì í sí òmíràn, títí á fi débẹ̀. HTTP lásán dà bí ìwé tí kò sí nínú ápòòwé tí ẹ fi rán awakọ̀ ní gáréèjì: gbogbo ọwọ́ tó bá gbà á ló lè kà á. HTTPS ló ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di àdììtú.

Àmọ́ báwo lẹni méjì tí kò pàdé rí ṣe máa ní kọ́kọ́rọ́ kan náà, nígbà tí gbogbo ayé ń gbọ́ wọn? Whitfield Diffie àti Martin Hellman tẹ ìdáhùn kan jáde ní 1976. Ẹ mú bírò.

Gbogbo ayé mọ 2 àti 13. Adé fi 4 pamọ́ sínú, Bọ́lá fi 5 pamọ́.

Adé: 2×2×2×2 = 16. Fi 13 pín in, ó ku 3. Ó pe 3 síta.
Bọ́lá: 2×2×2×2×2 = 32. Fi 13 pín in, ó ku 6. Ó pe 6 síta.
Adé mú 6: 6×6×6×6 = 1296. Fi 13 pín in, ó ku 9.
Bọ́lá mú 3: 3×3×3×3×3 = 243. Fi 13 pín in, ó ku 9.

9 ni kọ́kọ́rọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pè é síta! Lóòótọ́, ọmọ iléèwé lè dán nọ́ńbà wọ̀nyí wò títí á fi rí 9. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ gidi, ohun tó wà nípò 13 yẹn lè ju díjíìtì 600 lọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dán wò.

Níbo ni mo wá ti ṣìṣe? Ẹ wò ó: tí olè bá ní òun ni Bọ́lá, òun àti Adé náà á jọ rí kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí sáfà fi ní sàtífíkéètì, tó ń jẹ́rìí pé ẹni tó ni orúkọ ìkànnì yìí lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n olè lè ra orúkọ tirẹ̀, kó sì gba sàtífíkéètì lé e lórí, àní lọ́fẹ̀ẹ́. Sàtífíkéètì ń jẹ́rìí orúkọ, kì í jẹ́rìí ìwà.

Nítorí náà, àgádágodo ń sọ pé ará ọ̀nà ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Kò sọ pé ẹni tó wà níwájú yín kì í ṣe gbájúẹ̀. Ẹ ka orúkọ ìkànnì létà kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti rajà níbẹ̀ rí, tí ẹ bá sì lè sanwó lẹ́yìn tí ọjà bá dé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ṣì ń béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń san owó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.